Létí Loch Ness: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-Àjò Lórí Ẹranko Abàmì Inú Omi

Ọjọ́ Àìkú, nínú ọkọ̀ ojú irin

Ọkọ̀ ojú irin alẹ́ tó ń ti ibùdókọ̀ Euston ní Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Inverness ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wọ̀. Ohun tí a ń lọ wò ni adágún omi Loch Ness ní àríwá Skọ́tílándì, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń sọ láti ọdún 1933 pé àwọn fojú rí ẹranko abàmì kan tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Nessie. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀, mo sì ti rí i pé ìhà méjì ni àwọn tó ń sọ ọ́ máa ń kọ sí: àwọn kan gbà á gbọ́ láìbéèrè ohunkóhun, àwọn yòókù sì ń pe gbogbo ẹni tó bá ní òun rí nǹkan ní òpùrọ́. Kò sí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn nínú méjèèjì. Lójú tèmi, ó yẹ kí a ya ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó rí nǹkan lóòótọ́ ṣùgbọ́n tí kò mọ ohun tó rí, nítorí pé bí a bá da àwọn méjèèjì pọ̀, a fi ìyà jẹ aláìṣẹ̀, a kò sì ní mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí omi yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kò gbà pé ẹranko kankan wà níbẹ̀, àmọ́ ó fara mọ́ ohun tí mo sọ. Ó ní, “Bí aláìsàn bá sọ fún wa pé ẹnì kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun lóru, a kì í pè é ní òpùrọ́. A ó bi í pé kí lo rí, apá ibo ló dúró sí, aago mélòó ló lù. Ẹ̀yìn ìyẹn la ó tó lọ wo oògùn tó lò.” Mo sọ fún un pé bí a ṣe máa ṣe é nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, Inverness

Òjò wínníwínní ń rọ̀ nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀. A gbé ẹrù wa sí ilé àlejò, a sì rìn lọ sí etí odò Ness, èyí tó ń ti inú adágún ṣàn jáde, tó gba àárín ìlú kọjá lọ sínú òkun. Odò náà kò gùn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni wọ́n sọ pé ìtàn tó lọ́jọ́ lórí jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Odò ni, kì í ṣe adágún, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ ìtàn náà sì máa ń fo ibẹ̀ dá.

Adomnán, tó jẹ́ olórí ilé àwọn mọ́ńkì ní erékùṣù Iona, ló kọ ọ́ sínú ìwé tó fi ròyìn ìgbésí ayé Columba mímọ́, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn tí Columba kú ní ọdún 597. Ó ní Columba dé etí odò Ness, ó bá àwọn ará Pict, ìyẹn àwọn tó ń gbé àríwá Skọ́tílándì nígbà náà, tí wọ́n ń sin ọkùnrin kan tí ẹranko inú omi gé jẹ. Columba ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Luigne, wẹ̀ kọjá lọ gbé ọkọ̀ wá láti òdìkejì. Bí Luigne ti dé àárín omi ni ẹranko náà yọ, ó ń bú ramúramù, ó ya ẹnu bọ̀ wá bá a. Columba gbé ọwọ́ sókè, ó fi ya àmì àgbélébùú, ó pàṣẹ fún un pé kó padà, ẹranko náà sì sá sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n fi okùn fà.

Mo ka ìtàn yìí sókè fún ẹ̀gbọ́n mi lórí àga tó wà létí odò. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé kì í ṣe ẹranko náà ni Adomnán fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, agbára ẹni mímọ́ ni. Ṣáájú ìtàn náà gan-an nínú ìwé kan náà, Columba pàdé ìmàdò ńlá kan ní erékùṣù Skye, ó sọ̀rọ̀ sí i, ìmàdò náà sì ṣubú lulẹ̀, ó kú. Kò sí ẹni tó ń wá ìmàdò yẹn kiri lónìí. Nítorí náà, èmi kò ka ti Columba mọ́ ẹ̀rí pé ẹranko kan ti ń gbé inú adágún láti ayé àtijọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ máa ń tọ́ka sí.

Ìtàn mìíràn tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù ú lọ ni ti ẹṣin inú omi, èyí tí àwọn tó ń sọ èdè Gaelic ń pè ní each-uisge. Wọ́n ní yóò dúró létí adágún bí ẹṣin tó ti mọ ènìyàn, àwọn ọmọdé yóò gùn ún, ọwọ́ wọn yóò lẹ̀ mọ́ ọn lára, yóò sì wọ́ wọn lọ sísàlẹ̀ omi. Kì í ṣe Loch Ness nìkan ni wọ́n ti ń sọ ọ́, ó kárí àwọn adágún òkè Skọ́tílándì. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ìyá àgbà náà kò fi irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ṣeré. Ta ló jẹ́ débi odò lọ́sàn-án gangan nígbà tiwa?” Àwọn tó ń gbé létí omi jíjìn gbọ́dọ̀ wá ohun tí wọn yóò fi dẹ́rù ba ọmọ, kí omi má baà gbé e lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Drumnadrochit

Bọ́ọ̀sì tó ń gba ọ̀nà A82 ni a wọ̀ láti Inverness. Ọ̀nà náà gba ẹ̀bá adágún lọ, apá òsì wa sì ni omi wà títí a fi dé Drumnadrochit. Ọ̀nà yìí gan-an wà lára ohun tó bí Nessie. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930 ni wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n fọ́ àpáta, wọ́n gé igi, ojú omi tó ti fara pa mọ́ tẹ́lẹ̀ sì wá hàn gbangba sí ẹni tó bá ń wa mọ́tò kọjá. Bí àwọn tó ń wo omi bá pọ̀ sí i lójijì, àwọn tí yóò rí nǹkan àrà níbẹ̀ yóò pọ̀ sí i.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1933, Aldie Mackay àti ọkọ rẹ̀ John, tí wọ́n ń bójú tó hòtẹ́ẹ̀lì Drumnadrochit, ń wa mọ́tò bọ̀ lójú ọ̀nà yìí, ìyàwó sì rí nǹkan nínú omi. Alex Campbell, tó ń ṣọ́ ẹja inú omi ní Fort Augustus tó sì tún ń kọ ìròyìn ránṣẹ́, ló gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn Inverness Courier ní ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún. Ohun tó kọ ni pé ara nǹkan náà dà bí ti ẹja àbùùbùtán, ó ń yí, ó ń rì, ó ń léfòó, omi sì ń hó yí i ká. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ọrùn gígùn nínú ìròyìn yìí. Olóòtú ìwé ìròyìn náà ló fi ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ẹranko abàmì sí i.

Hòtẹ́ẹ̀lì náà ti di ibi àfihàn ìtàn Loch Ness báyìí, wákàtí púpọ̀ ni a sì lò níbẹ̀. Bí mo ṣe ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn ni mo ń kọ ọjọ́ sílẹ̀, tí mo sì ń tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn, nítorí pé bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn ṣe pàtàkì. Ọrùn gígùn dé ní oṣù Keje ọdún 1933, nígbà tí George Spicer àti ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n wá láti Lọ́ńdọ̀nù, sọ pé àwọn rí ẹ̀dá ńlá kan tó gba iwájú mọ́tò àwọn kọjá ní apá kejì adágún, ọrùn rẹ̀ gùn, ó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ, ó sì wọ inú igbó lọ sí ìhà omi. Láti ìgbà náà ni ọrùn gígùn ti gbòde kan, àwọn tó wá rí nǹkan lẹ́yìn náà sì ti mọ irú ohun tó yẹ kí àwọn máa retí. Èmi kò pe Spicer ní òpùrọ́ o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ojú ẹni tó ti gbọ́ ìròyìn kì í ṣe ojú kan náà pẹ̀lú ti ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan rí.

Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún náà, owó ti wọ̀ ọ́. Bertram Mills, tó ń fi ẹranko dárà fún òǹwòran, kéde 20,000 pọ́n-ùn fún ẹni tó bá lè mú un láàyè. Ìwé ìròyìn Daily Mail gba ọdẹ kan, Marmaduke Wetherell, pé kó lọ wá a. Kò pẹ́ tó débẹ̀ tó fi ní òun rí ojú ẹsẹ̀ ńlá létí omi. Wọ́n gbé àpẹẹrẹ ojú ẹsẹ̀ náà lọ fún àwọn onímọ̀ ẹranko ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì dáhùn pé ẹsẹ̀ erinmi ni, ẹsẹ̀ kan náà tí wọ́n ti gbẹ, tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ léraléra. Ojú ti Wetherell gidigidi.

Ibi tí irọ́ tó tóbi jù lọ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 1934, Daily Mail tẹ fọ́tò kan tí dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Robert Kenneth Wilson, fi sílẹ̀: orí kékeré, ọrùn gígùn tó tẹ̀ kọdọrọ, àti ìgbì omi yí i ká. Fọ́tò yìí ló wà lọ́kàn gbogbo ayé títí di òní. Nítorí pé dókítà ló mú un wá, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò jiyàn. Ọgọ́ta ọdún ló gbà kí òtítọ́ tó bá irọ́ náà. Christian Spurling, ọmọ ìyàwó Wetherell, jẹ́wọ́ nígbà tí ó ti di arúgbó pé òun lòun mọ orí àti ọrùn náà lé orí ọkọ̀ abẹ́ omi kékeré tí wọ́n ń tà fún ọmọdé, pé wọ́n rà á ní ṣọ́ọ̀bù Woolworths, pé Wetherell fẹ́ fi gbẹ̀san ìtìjú tó jẹ ni, dókítà náà sì kàn jẹ́ ẹni tí wọ́n gbé e fún kó lè níyì. Ọdún 1994 ni ọ̀rọ̀ náà jáde. Mo dúró níwájú fọ́tò tí wọn kò tíì gé etí rẹ̀, èyí tí omi pọ̀ nínú rẹ̀. Nínú rẹ̀ ni ènìyàn ti máa rí i pé ìgbì tó yí nǹkan náà ká kéré gan-an, irú èyí tí afẹ́fẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ ń dá sórí omi, kò sì lè jẹ́ pé ohun tó ga ju nǹkan bí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan lọ ló dúró láàárín rẹ̀. Àwọn tó gé etí fọ́tò náà ló sọ ọ́ di ẹranko ńlá.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé Alastair Boyd, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó tú irọ́ yìí fó, jẹ́ ẹni tó sọ pé òun fúnra òun rí ẹ̀yìn nǹkan ńlá kan nínú omi yìí ní ọdún 1979, kò sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà lẹ́yìn tó tú àṣírí fọ́tò náà. Irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ ni mo ń wá. Ó mọ irọ́ yàtọ̀ sí ohun tí ojú rẹ̀ rí, kò sì fi ọ̀kan gbe èkejì lẹ́sẹ̀.

Ọjọ́rú, ilé olódi Urquhart àti orí omi

Òjò dá, afẹ́fẹ́ rọlẹ̀. Láti Drumnadrochit ni a ti rìn lọ sí ilé olódi Urquhart, èyí tí àwọn ọmọ ogun ìjọba fi ẹ̀tù fọ́ ní ọdún 1692 kí àwọn ọlọ̀tẹ̀ má baà rí i lò. Púpọ̀ nínú àwọn tó ní àwọn rí Nessie ló jẹ́ pé ìtòsí ibí yìí ni wọ́n ti rí i. Kì í yà mí lẹ́nu, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn òǹwòran pọ̀ sí.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ irú omi tí à ń sọ. Loch Ness gùn tó nǹkan bí kìlómítà 37, kò sì fẹ̀ ju kìlómítà méjì àtààbọ̀ tàbí díẹ̀ lé lọ níbi tó fẹ̀ jù. Ó jìn tó mítà 230. Omi tó wà nínú rẹ̀ ju èyí tó wà nínú gbogbo adágún Íńgílándì àti Wales lápapọ̀ lọ. Ilẹ̀ ló sán láti ayébáyé, yìnyín sì gbẹ́ ibi tó sán náà jìn, ìdí nìyẹn tó fi rí tààrà bí ọ̀nà tí wọ́n là. Mo bu omi náà sínú ìgò kan tí mo mú dání, mo gbé e sókè sí oòrùn: ó pọ́n bí omi àgbo tí wọn kò tíì sè pọ̀. Ilẹ̀ dúdú tí koríko jíjẹrà kó jọ sí, tí wọ́n ń pè ní peat, ló ń pa á láró. Bí ènìyàn bá rì sísàlẹ̀ díẹ̀, kò ní rí nǹkan kan mọ́.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, a wà lórí ilé ìṣọ́ tó ga jù, ojú omi ń dán. Ọkọ̀ akérò kan ti kọjá lọ sí ìhà Inverness, ó ti tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn, a kò sì rí i mọ́. Lójijì ni obìnrin kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kígbe, ó nawọ́. Ohun dúdú mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn lórí omi, wọ́n yọ ẹ̀yìn rubutu, wọ́n ń lọ sí ìhà gúúsù, ọ̀kan ń rì, òmíràn ń yọ. Ẹ̀gbọ́n mi di apá mi mú. Ó tó ìṣẹ́jú kan kí wọ́n tó pòórá. Bí wọ́n bá sọ fún mi pé kí n búra pé mo rí nǹkan, mo lè búra.

Ìgbì ọkọ̀ ni. Nítorí pé adágún yìí tààrà, tí etí rẹ̀ méjèèjì sì ga gbagidi, ìgbì tí ọkọ̀ kan dá kì í tètè kú; ó ń lọ kan etí kan, ó ń padà, ó ń pàdé èyí tó ń ti etí kejì bọ̀, níbi tí wọ́n bá sì ti pàdé, omi yóò ga sókè láìsí ohunkóhun lábẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ tó fà á lè ti kọjá kí ẹni tó ń wò tó dé. Òye èyí wà lọ́kàn mi kí n tó gun ilé ìṣọ́, àmọ́ àyà mi já síbẹ̀. Ìròyìn kò tó àfojúbà: èmi kò ní fojú kéré ẹlẹ́rìí kan tó rí irú rẹ̀ ní ọdún 1933 tí kò sì sí ẹni tó ṣàlàyé fún un.

Lọ́sàn-án, a wọ ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀gbẹ́ni tó ń wà á fi ẹ̀rọ sonar hàn wá, èyí tó ń rán ìró lọ sísàlẹ̀ tó sì ń fi ìró tó padà ya àwòrán. Ẹ̀gbọ́n mi bi í bóyá ó ti rí nǹkan rí. Ó ní òun ti rí igi tó ń lọ lòdì sí afẹ́fẹ́. Ìyẹn náà ní àlàyé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi tó móoru díẹ̀ máa ń wà lókè, èyí tó tutù nini sì wà nísàlẹ̀, wọn kì í pò pọ̀. Afẹ́fẹ́ yóò ti omi òkè jọ sí orí kan adágún. Bí afẹ́fẹ́ bá dáwọ́ dúró, omi náà yóò padà lọ sí orí kejì, bí omi inú agbada tí a gbé láìdọ́gba, yóò sì máa lọ síwá sẹ́yìn fún ọjọ́ mélòó kan. Igi tó bá wà nínú rẹ̀ yóò bá a lọ, ì báà jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ojú omi ń fẹ́ sí ibòmíràn. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn onímọ̀ ti wọn èyí nínú Loch Ness fúnra rẹ̀.

Sonar náà kò ṣàì wá ẹranko náà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1987, olùwádìí kan, Adrian Shine, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ to ọkọ̀ tó lé ní ogún ní ìlà kan, wọ́n ń fi ìró gbá adágún náà lọ. Ìró mẹ́ta padà tí wọn kò rí àlàyé tó dájú fún, kò sì sí nǹkan mìíràn. Ní ọdún 2003, BBC fi 600 ìtànṣán sonar gba gbogbo rẹ̀ já, wọn kò rí ẹranko ńlá kankan.

Ọjọ́bọ̀, Dores àti Foyers

A háyà mọ́tò láti lọ sí apá kejì adágún, níbi tí ọ̀nà ti tóóró tí àlejò kò sì pọ̀. Ní etíkun Dores ni Steve Feltham ti ń gbé nínú mọ́tò rẹ̀ láti ọdún 1991, tó ń wo omi lójoojúmọ́. A rí ọkọ̀ náà, a kò lọ yọ ọ́ lẹ́nu. Ó fi ilé àti iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìbéèrè kan, nígbà tó sì yá, ó sọ ní gbangba pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹja ńlá kan tí wọ́n ń pè ní catfish ni, kì í ṣe ẹranko àtijọ́. Ẹni tó lè sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún tó lé ní ogún tó ti fi ń ṣọ́ omi yẹ ní ẹni à ń bọ̀wọ̀ fún.

Ní Foyers, a jẹ búrẹ́dì àti ẹja lábẹ́ igi, òórùn ewé tútù gba gbogbo ibẹ̀. Hugh Gray, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ alumíníọ̀mù tó wà níhìn-ín nígbà náà, ló ya fọ́tò àkọ́kọ́ tí wọ́n ní ó jẹ́ ti ẹranko náà, ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 1933. Fọ́tò náà ṣú débi pé ohun tí oníkálukú bá fẹ́ ló lè rí nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ rí ajá tó gbé igi sẹ́nu tó ń wẹ̀ bọ̀. Mo wò ó títí lórí fóònù mi, èmi náà rí ajá.

Ti Tim Dinsdale ló dùn mí jù. Ẹnjiníà ọkọ̀ òfuurufú ni. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 1960, ó wà lókè Foyers níbí, ó rí nǹkan tó ń sá lọ lórí omi, ó sì ya á sínú fíìmù. Ní ọdún 1966, àwọn ológun òfuurufú tó mọ̀ nípa àyẹ̀wò fọ́tò wò ó, wọ́n sì sọ pé ó jọ pé ohun ẹlẹ́mìí ni. Dinsdale fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi ìyókù ayé rẹ̀ wá ẹranko náà títí ó fi kú ní ọdún 1987. Àwọn tó fi kọ̀ǹpútà ṣàyẹ̀wò fíìmù náà lẹ́yìn ikú rẹ̀ sọ pé ọkọ̀ ojú omi kékeré ni, ènìyàn kan sì wà ní ìdí rẹ̀. Mo dúró síbi tí mo rò pé ó dúró, mo wo òdìkejì. Ó jìn. Ọkọ̀ tó ń kọjá lọ́ọ̀ọ́kán dà bí èérún igi, èmi kò sì lè sọ bó ṣe gùn tó, nítorí pé kò sí igi tàbí ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ojú lè fi díwọ̀n. Ọkùnrin náà kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Fíìmù rẹ̀ ló gbé fún àwọn tó mọ̀ jù ú lọ, àwọn ni wọ́n sì sọ fún un pé ohun ẹlẹ́mìí ni.

Ọjọ́ Ẹtì, Fort Augustus

Ìlú kékeré yìí ló wà ní orí gúúsù adágún. Ọkọ̀ ojú omi ń gba àárín rẹ̀ kọjá nínú odò àfọwọ́gbẹ́ tí Thomas Telford ṣe ètò rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1822, ilẹ̀kùn omi alágbékà márùn-ún sì ń gbé wọn gòkè bí àtẹ̀gùn. Ilé àwọn mọ́ńkì tó wà létí omi ti pa dé láti ọdún 1998. Ní ọdún 1971, ọ̀kan nínú àwọn mọ́ńkì náà, Bàbá Gregory Brusey, àti àlejò rẹ̀ kan sọ pé àwọn rí ọrùn tó yọ sókè nínú omi tó sì ń lọ. Mo gbà pé ó rí nǹkan. Àgbọ̀nrín máa ń wẹ̀ kọjá adágún yìí, ẹyẹ omi ọlọ́rùn gígùn wà níbẹ̀, seal, ẹranko inú òkun tó ń jẹ ẹja, sì máa ń wọlé láti òkun lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èwo nínú wọn ni mọ́ńkì náà rí, ẹnikẹ́ni kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ mọ ohun tó mú mi gbà pé kì í ṣe ẹranko àtijọ́ ọlọ́rùn gígùn tí wọ́n máa ń yà sára fìlà àti ife. Mo ní, “Ẹ wò ó, Ẹ̀gbọ́n, ó ti lé ní mílíọ̀nù 60 ọdún tí irú wọn ti run, yìnyín ló sì bo ibí yìí títí di nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn. Ẹ̀dá tó ń mí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa yọ orí sókè lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, kò sì lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ bímọ. Kí ni agbo wọn yóò máa jẹ? Ìmọ́lẹ̀ kò wọ inú omi yìí, oúnjẹ kò pọ̀ níbẹ̀ fún ẹja, ká má tíì sọ tiwọn.”

Ẹ̀rí tó lágbára jù dé ní ọdún 2019. Neil Gemmell láti Yunifásítì Otago ní New Zealand àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bu omi ní nǹkan bí ìgbà 250 láti ibi púpọ̀ nínú adágún, lókè àti nísàlẹ̀ jíjìn. Gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ló ń já awọ, ikun àti ìgbẹ́ sílẹ̀, DNA rẹ̀, ìyẹn èròjà inú ara tí a fi ń dá irú ẹ̀dá kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn, yóò sì wà nínú omi náà. Wọ́n rí ti ènìyàn, ajá, àgùntàn, àgbọ̀nrín, àti ti ẹja lóríṣiríṣi. Wọn kò rí ti ẹranko afàyàfà kankan, wọn kò sì rí ti ẹja ńlá tí Feltham dárúkọ. Èyí tó pọ̀ lọ́pọ̀ yanturu ni ti ẹja eel, èyí tó gùn bí ejò. Gemmell ní DNA kò lè sọ bí eel kan ṣe tóbi tó. Ní ọdún 2023, olùwádìí kan, Floe Foxon, ṣe ìṣirò láti ara àwọn eel tí wọ́n ti mú, ó rí i pé kí eel kan tó gùn tó mítà kan, ọ̀kan nínú nǹkan bí 50,000 ni, ká má tíì sọ ti mítà mẹ́fà.

Kí a tó sùn, ẹ̀gbọ́n mi gbé ìwé kékeré rẹ̀ jáde, ó kọ ohun tí a rí ní ọjọ́rú sílẹ̀: aago, ibi tí a dúró sí, ọ̀nà tí ohun náà gbà lọ, bí afẹ́fẹ́ ṣe rí, àti ọkọ̀ tó kọjá ṣáájú. Ó ní bí àwọn tó kọ́kọ́ rí nǹkan bá ti kọ ti ọkọ̀ náà mọ́ ọn, ìwọ̀nba ni ọ̀rọ̀ ìbá kù. Èmi kò rí èsì fọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lójú ọ̀nà ilé

Nínú ọkọ̀ ojú irin, Loch Morar ni à ń sọ, ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Skọ́tílándì. Adágún náà jìn ju Loch Ness lọ, ó tó mítà 310, àwọn ènìyàn sì ń sọ pé ẹranko kan tí wọ́n ń pè ní Morag wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 1969, àwọn ọkùnrin méjì tó wà nínú ọkọ̀ sọ pé nǹkan kan kọ lù wọ́n. Ọ̀kan fi àjẹ̀ tì í títí àjẹ̀ náà fi ṣẹ́, èkejì yin ìbọn. Omi Morar mọ́ ju ti Ness lọ, ọkọ̀ ńlá kì í gba ibẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gba Loch Ness, nítorí náà àlàyé ìgbì tó tó fún ohun tí a rí ní Urquhart kò rọrùn láti gbé lọ síbẹ̀, pàápàá fún ẹni tó sọ pé àjẹ̀ òun ṣẹ́ lára nǹkan náà. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń wo iye tí ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Mallaig ń gbà ní oṣù Karùn-ún, kí kòkòrò tó ń jẹni tó dé.